Owó Iṣẹ́ Ọdún Kan àti Báǹkì Tó Jìnnà sí Oko

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Mo kọ ìwé yìí nítorí owó àwọn tí wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní agbègbè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ lórí rédíò pé iye àwọn tí wọ́n ní àkáǹtì ń pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá mọ ohun tí ojú lébìrà ń rí kí owó rẹ̀ tó wọ inú báǹkì, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ tún ń rí kí owó náà tó jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ ni pé nọ́ńbà àkáǹtì kò tíì di báǹkì fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti san owó sínú rẹ̀, tí yóò sì ti gbà á jáde, nítòsí ibi tí ó ń gbé, ní iye tí kò ní jẹ owó náà tán.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ènìyàn tí mo ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ oko kòkó lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ẹni tí ó ni oko ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán an. Àwọn lébìrà ni, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà, láti Àgátú, láti Ìgèdè, àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá. Àdéhùn ọdún kan ni wọ́n ń bá olóko ṣe. Láàrin ọdún náà, olóko ni yóò fún wọn ní ilé àti owó oúnjẹ, òun náà ni yóò sì tọ́jú wọn bí ara wọn kò bá yá. Àmọ́ owó iṣẹ́ gan-an di ìparí ọdún, nígbà tí a bá ti já kòkó, tí a ti fọ́ ọ, tí a ti sá a, tí àwọn alágbàtà ti gbé e sórí ìwọ̀n, tí wọ́n sì ti sanwó. Nítorí náà, ọkùnrin tí kò rí ju owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kọkànlá yóò ṣàdédé di ẹni tí 400,000 náírà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, ní abúlé tí tọmọdé tàgbà ti mọ ọjọ́ tí olóko sanwó.

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kan ilẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ Ẹ̀bìrà ni, jẹ́jẹ́ ni ó máa ń ṣe, ọdún kẹfà rẹ̀ lọ́dọ̀ wa sì nìyẹn. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan tí ó ta ní kókó mẹ́ta lé orí tábìlì mi, ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí n óò lọ sílé.” A jọ ka owó náà lójú ara wa, mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, mo fi tádàwá pa á ní àtàǹpàkò, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Mo kó owó náà sí abẹ́ aṣọ òkè ìyàwó mi nínú àpótí. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí ó fi wà nínú ilé mi, n kò sùn dáadáa rárá, nítorí pé bí iná bá jó ilé, tàbí bí olè bá wọlé, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ẹni mẹ́rin mìíràn kó tiwọn wá ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Kò sí òfin tí ó yàn mí sí iṣẹ́ yẹn, kò sì sí adójútòfò tí yóò san kọ́bọ̀ padà fún wọn bí nǹkan bá ṣe mí. Àánú wọn ni mo ṣe tí mo fi gbà á, àánú kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí owó iṣẹ́ ọdún kan gbára lé.

Nígbà tí mo wo ibi tí ó tẹ̀ka sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ohun kan tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Àmì róbótó dúdú kan lásán ni, bí ẹni pé ìdí ìgò ni a fi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tí ó ti di àdá mú láti kékeré, tí ó ń pa omi kòkó lára, tí ó sì ń po oògùn tí à ń fín sí èso kí ó má baà jẹrà, ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ìlà mọ́. Ohun tí ó mú kí n sọ èyí ni pé mo mú ọkùnrin yìí lọ sí báǹkì kan ní ìlú kí ó lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀. A gun ọ̀kadà láti abúlé dé títì, a wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀. 3,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná ní àlọ àti àbọ̀. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì tí wọ́n ń tẹ̀ka fún. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà ṣe sùúrù fún wa gidigidi. Ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Ó ní kí ó fi aṣọ nu ọwọ́, iná pupa. Ó fún un ní ìpara díẹ̀ kí ó fi pa á, iná pupa. Wọ́n ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó má ṣe ṣiṣẹ́ oko kí ọwọ́ rẹ̀ lè rọ̀. Ní ìgbà kejì, kò gbà. Ní ìgbà kẹta ni ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìka mẹ́rin nínú mẹ́wàá, wọ́n sì fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò owó ọkọ̀ tiwa méjèèjì fún ìgbà mẹ́ta: 18,000 náírà ni, kí kọ́bọ̀ kan tó wọ àkáǹtì.

N kò bá BVN jà. Láti oṣù Kejì ọdún 2014 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, nítorí pé olè pọ̀, ayédèrú orúkọ sì pọ̀. Mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí CBN, ti pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, pa kí olówó má lè gba owó jáde nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó lè parí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí òfin bá sọ pé ìka ni ẹ̀rí, tí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún wa sì ti jẹ ìka rẹ̀ run, ó di dandan kí òfin náà ní ọ̀nà mìíràn. Ojú ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ fún NIN. Ọba àti baálẹ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere fún gbogbo ẹ̀ka báǹkì pé a kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni padà nítorí ìka tí ó ti fá, kí ó má jẹ́ pé àánú ọmọbìnrin kan nìkan ni a ó máa rí gbà.

Nígbà tí àkáǹtì náà wá ṣí, ohun mìíràn yọjú. Irú èyí tí CBN ṣètò fún mẹ̀kúnnù láti ọdún 2013 ni wọ́n fún un, èyí tí kò béèrè ìwé púpọ̀. Ètò náà dára. Àmọ́ 50,000 náírà ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè san sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo owó tí ó wà níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 300,000 náírà lọ. Ẹni tí ó ṣe ètò yìí ní lọ́kàn pé tálákà ni ẹni tí owó ń wọlé fún ní díẹ̀díẹ̀, bíi ti ìyá alákàrà tàbí ọlọ́kadà. Kò rántí pé tálákà kan wà tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, tí yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìlá. Bí ọmọ Ẹ̀bìrà wa ṣe dúró níwájú kántà nìyẹn, tí 400,000 náírà wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àkáǹtì tálákà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìwé iná mànàmáná tàbí ìwé omi tí yóò fi ṣí èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé amọ̀ ni ó ń gbé nínú oko ẹlòmíràn; ìwé iná wo ni yóò mú wá?

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí owó tí wọ́n ń yọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Bí ènìyàn bá fi fóònù fi owó tí kò ju 5,000 náírà lọ ránṣẹ́ sí báǹkì mìíràn, 10 náírà ni CBN ní kí báǹkì gbà. Bí owó náà kò bá ju 50,000 lọ, 25 náírà ni. Owó kékeré ni, kò sì ni wá lára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ta iṣu ní ọjà wa tí ó ń fi fóònù gbowó, nẹ́tíwọ̀kì kì í sì í dúró ju àárọ̀ kùtùkùtù lọ, àfi bí ènìyàn bá gun orí àpáta. Nítorí náà owó inú fóònù gbọ́dọ̀ di owó ọwọ́ kí ó tó ra ohunkóhun, ibi tí ó sì ti ń di owó ọwọ́ ni ìdí kíóṣì POS. Ní abúlé wa, 200 náírà ni wọ́n ń gbà lórí 5,000. Ní ọjọ́ tí owó bá wọ́n, ó máa ń di 300. Lébìrà kì í gba 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ibi tí yóò kó o sí ni kò ní. 5,000 ni yóò gbà lónìí, 5,000 ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí ó bá gba 50,000 tán lọ́nà bẹ́ẹ̀, 2,000 náírà ti lọ sí owó POS. Alájọ tí ìyá mi ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní báǹkì ayé àtijọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ó ń gbà, ìyẹn náírà kan nínú ọgbọ̀n. Ẹ wò ó dáadáa: 2,000 nínú 50,000 jẹ́ náírà kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Owó tí báǹkì ayé òde òní ń gbà lọ́wọ́ lébìrà ti ju ti alájọ lọ, bẹ́ẹ̀ alájọ ni ó máa ń wá bá ènìyàn dé ìdí ààrò.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi bínú sí àwọn tí ń ṣe POS. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ní kíóṣì lábẹ́ igi máńgòrò ní abúlé wa kì í ṣe olè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ sí ìlú lọ wá owó, ó máa ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oníbẹntiróòlù àti àwọn obìnrin ọjà, yóò so ó mọ́ ìdí, yóò sì gun ọ̀kadà gba inú igbó padà wá. Kò sí báǹkì kan tí ó gbé owó wá bá a rí. Ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú 200 náírà yẹn. Ẹni tí ó yẹ kí a bi ní ìbéèrè ni báǹkì tí owó lébìrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kejìlá, tí ó ń yá a fún àwọn oníṣòwò pẹ̀lú èlé ńlá, tí kò sì ná kọ́bọ̀ kan láti rí i pé owó ọwọ́ dé ibi tí olówó wà. Nígbà tí CBN ń fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní àṣẹ láti dá irú báǹkì tí à ń pè ní PSB (Payment Service Bank) sílẹ̀, ìlànà tí ó jáde ní ọdún 2018 sọ pé ó kéré tán, 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn gbọ́dọ̀ wà ní ìgbèríko. Mo fẹ́ kí àwọn oníròyìn yín bá wa béèrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan sí òmíràn, ibi tí 25 yẹn wà.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ owó ọwọ́ yìí kò tó nǹkan, kí ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni CBN kéde pé wọn yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, wọ́n sì fi ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn oṣù Kìíní ọdún 2023 ṣe gbèdéke, kí wọ́n tó sún un dé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Kò sí ẹni tí ó ro ti oko kòkó mọ́ ọn. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní gan-an ni àkókò tí à ń ta kòkó tí a sì ń san owó lébìrà. Owó iṣẹ́ ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni, owó àtijọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n sun iwájú báǹkì ní ìlú fún òru méjì, tí wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ọ̀rá owó kan náà. Mo rí àwọn tí wọ́n ta 1,000 ní 700, nítorí pé ọmọ wọn ń ṣàìsàn nílé tí wọn kò sì rí owó ọkọ̀. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ tí ó Ga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Àwọn tí wọ́n ra owó wọn ní 700 ni wọ́n jèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá sọ fún lébìrà pé kí ó kó owó lọ sí báǹkì, ohun tí ó máa ń bi mí ni pé, “Bàbá, bí wọ́n bá tún tì í ńkọ́?” N kò ní èsì tí mo lè fún un ju pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ìlérí tí a ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lóǹkà. Ní ọdún 1977, CBN pàṣẹ fún àwọn báǹkì ńlá pé kí wọ́n ṣí ẹ̀ka 200 ní ìgbèríko gẹ́gẹ́ bí ìpele àkọ́kọ́. Ní ọdún 1989, ìjọba dá báǹkì mẹ̀kúnnù kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ People's Bank, Tai Ṣólàrín sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ni kòmúnítì báǹkì dé, ìyẹn báǹkì kékeré ti ará ìlú. Nígbà tí ó di ọdún 2005, ìlànà jáde tí ó sọ kòmúnítì báǹkì di máíkírófáínáǹsì, ìyẹn báǹkì kékeré fún mẹ̀kúnnù. Ọ̀kan nínú àwọn kòmúnítì báǹkì wọ̀nyẹn wà ní ìlú wa, ìyá mi sì ní ìwé ìfowópamọ́ aláwọ̀ ewé kan lọ́dọ̀ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ gba owó láti fi ra irúgbìn, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò sí ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí i. Ìyá mi ti kú, ṣùgbọ́n ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, 3,750 náírà ni ó sì kẹ́yìn tí wọ́n fi bíírò pupa kọ sínú rẹ̀, owó tí ó tó ra nǹkan gidi nígbà náà.

Ní ọdún 2012, ìjọba tún ṣe ìlànà mìíràn, wọ́n ní tí yóò bá fi di ọdún 2020, àwọn àgbàlagbà tí kò ní ibi ìfowópamọ́ kankan kò gbọdọ̀ ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí EFInA, àjọ tí ń ṣèwádìí bí ọwọ́ ará ìlú ṣe ń tó báǹkì, ṣe ìwádìí ní ọdún 2023, 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣì bá. Ohun tí ó sì tún yẹ kí a mọ̀ ni pé lébìrà tí mo mú lọ sí báǹkì ti kúrò lára 26 yẹn báyìí. Wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti tó báǹkì. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ni 100,000 tí kò wọ inú àkáǹtì rẹ̀ wà.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn baba wa ti yanjú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí rí, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Láti ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Agége. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1953, àwọn ẹgbẹ́ náà parapọ̀ dá báǹkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyẹn Co-operative Bank. Àgbẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ pé òun ní ìpín nínú báǹkì yẹn. Nígbà tí CBN wá ní ọdún 2004 tí ó ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan wá 25 bílíọ̀nù náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò, báǹkì 89 di 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì àwọn àgbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n da pọ̀ di Skye Bank, Skye Bank náà sì di Polaris ní ọdún 2018. Mo mọ̀ pé báǹkì tí kò ní owó tó lè wó lu àwọn olówó lórí, n kò sì sọ pé CBN ṣe àṣìṣe láti béèrè fún owó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n tún fún àwọn báǹkì ní ọdún méjì láti wá owó tuntun, 500 bílíọ̀nù fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun. Gbogbo ènìyàn ń béèrè iye tí báǹkì ní. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè iye abúlé tí ó dé.

Ohun tí mo ń béèrè fún kò pọ̀, kò sì nílò ilé aláràbarà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ abúlé kòkó. A ní akápò, a ní akọ̀wé, a ní ayẹ̀wéwò, a sì ní ọjọ́ ìpàdé tí kì í yẹ̀. Kí báǹkì tàbí máíkírófáínáǹsì sọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ di aṣojú rẹ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i papọ̀, kí ọkọ̀ báǹkì sì máa gbé owó wá ní ọjọ́ tí a dá, bí àwọn alágbàtà kòkó ṣe máa ń gbé tiwọn wá láìkùnà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Báǹkì ni ó ní adójútòfò: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tí ń ṣe adójútòfò owó inú báǹkì, ti gbé owó tí yóò san fún olówó bí máíkírófáínáǹsì bá wó láti 200,000 dé 2,000,000 náírà. Àwa ni a mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹni, tí a mọ ilé baba rẹ̀, tí a sì mọ ọjọ́ tí olóko yóò sanwó fún un. Àpótí ìyàwó mi kò ní NDIC.

Ní ti owó tí wọ́n ń yọ, kí CBN fi òpin sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àkáǹtì mẹ̀kúnnù bí ó bá gba 10,000 náírà tàbí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbèríko, kí báǹkì sì fi èyí tí ó kù kún un fún aṣojú. Kí wọ́n gba lébìrà láyè láti san owó ọdún rẹ̀ sínú àkáǹtì kékeré lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí olóko àti ẹgbẹ́ bá jẹ́rìí sí i. Kí ẹ̀rọ BVN wá bá wa ní ọjọ́ ọjà dípò kí àwa máa lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kù. Àwọn tí ń kó kòkó jọ nínú oko, tí wọ́n ń rù ú, tí wọ́n ń fọ́ ọ, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, alájọ ni wọ́n sì ń kó o fún. Kì í ṣe gbogbo alájọ ni orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé wa kú lójijì, ó sì jẹ́ pé inú orí rẹ̀ nìkan ni gbogbo ìṣirò wà. Ọmọ rẹ̀ sa gbogbo ipá láti san ohun tí ó lè san. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní fóònù onítọ́ọ̀ṣì, báǹkì sì ti ṣí àkáǹtì fún un ní àsìkò ìpolongo kan. Gbogbo ìgbà tí báǹkì bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni ó máa ń gbé fóònù náà wá sọ́dọ̀ mi kí n túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tí ó túmọ̀ sí ni pé n kò lè ṣàìmọ iye tí ó ní, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó tì wá lọ́jọ́ náà. Kí ohùn kan máa bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí ó gbé e sí etí ara rẹ̀, kí ó sì gbọ́ iye owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ fóònù tí ó lè fi orin polówó fún wa ní Yorùbá láàárọ̀ lálẹ́ lè ṣe èyí.

Ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́wàá, nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà létí títì. Bí báǹkì kan bá rán ènìyàn wá, yálà láti Àkúrẹ́ tàbí láti ibòmíràn, tábìlì wà, àga wà, mo sì ti kọ orúkọ lébìrà mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi owó pamọ́ ní oṣù Kejìlá yìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ni pé kí ẹni náà gbé ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ojú dání, nítorí pé mo ti wo àtẹ̀ka wọn nínú ìwé mi, ogún nínú wọn ni kò ní ìlà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ kòkó kan,
Agbègbè Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.